Kí ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà "uncritical", báwo ni a sì ṣe ń lò ó?

Olùkọ́ Kubwa

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ tó ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò JAMB ní Kubwa níbí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Àbújá, tí wọ́n ń gbọ́ èdè wa lẹ́nu òbí wọn, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì àti Haúsá ni wọ́n fi ń bá ẹgbẹ́ wọn ṣeré. Nínú ìbéèrè 180 tó wà nínú ìdánwò náà, 60 ló jẹ́ ti Use of English, wọ́n sì máa ń ní kí ọmọ mú ọ̀rọ̀ tó sún mọ́ ọ̀rọ̀ kan jù lọ ní ìtumọ̀, tàbí èyí tó jẹ́ òdìkejì rẹ̀.

Gbólóhùn tó dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàrin wa nìyí, èmi ni mo kọ ọ́ sójú pátákó: "The committee was blamed for its uncritical acceptance of the contractor's figures." Ọmọ kan ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé gbígbà tí ìgbìmọ̀ náà gba iye owó yẹn kò ṣe pàtàkì, nítorí pé ohun tó bá ṣe kókó là ń pè ní "critical", "un-" sì ti yí i padà. Òmíràn ní rárá, pé ohun tó ń sọ ni pé ìgbìmọ̀ náà kò bá agbaṣẹ́ṣe ọ̀hún wí, torí ẹni tó bá ń wá àléébù ṣáá là ń pè ní "critical". Ẹ̀kẹta sọ pé kò sí ìyàtọ̀ kankan láàrin rẹ̀ àti "unexamined", pé èyí tó bá wù mí ni kí n kọ. Mo mọ ibi tí ọkàn mi tẹ̀ sí, ṣùgbọ́n àlàyé tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni mo ń wá, irú èyí tí ọmọ ọdún 16 lè gbé wọ gbọ̀ngàn ìdánwò. Bí mo bá sì fẹ́ fi Yorùbá là á yé wọn, báwo ni kí n ṣe sọ ọ́?

Akọ̀wé Ìgbìmọ̀

Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Kíkọ ìròyìn ìjókòó àwọn ìgbìmọ̀ ni iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ní Àbújá yìí, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí mi. "Uncritical" túmọ̀ sí pé ẹni tó gba ọ̀rọ̀ gbọ́, tó gba nǹkan wọlé tàbí tó fọwọ́ sí ìwé, kò lo làákàyè tó yẹ kó fi yẹ̀ ẹ́ wò kó tó gbà á. Ìgbìmọ̀ inú gbólóhùn yín rí iye owó tí agbaṣẹ́ṣe gbé wá, wọn kò béèrè bó ṣe ṣírò rẹ̀, wọn kò fi wé iye tí wọ́n ń ta ọjà náà nígboro, wọ́n kàn ní ó dára bẹ́ẹ̀. Àìyẹ̀wò yẹn ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí.

Ohun tó kó ìdààmú bá àwọn ọmọ ni pé "critical" fúnra rẹ̀ ní ẹ̀ka tó ju ọ̀kan lọ. Ó ti inú èdè Gíríìkì wá, láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe "krinein", èyí tó túmọ̀ sí kí ènìyàn ya ohun kan sọ́tọ̀ kúrò lára òmíràn, kí ó sì dájọ́ lé e lórí. Láti ibẹ̀ ni a ti rí ẹni tó ń díwọ̀n iṣẹ́ ọnà tàbí ìwé, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "critic". Ṣùgbọ́n àwọn oníṣègùn Gíríìkì àtijọ́ tún mú "krisis", tó jáde láti ìdí kan náà, wọ́n fi ń pe àsìkò tí àìsàn bá dé oríta, tí yóò hàn bóyá aláìsàn yóò yè tàbí yóò kú. Ibẹ̀ ni "critical condition" ti wá, ibẹ̀ náà sì ni ìtumọ̀ "ohun tó ṣe kókó" ti yọ. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi "un-" síwájú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀ka ìdájọ́ nìkan ni wọ́n fi í sí. Ọmọ àkọ́kọ́ kò lè rí "kò ṣe pàtàkì" nínú rẹ̀, nítorí kò sí níbẹ̀.

Ọmọ kejì kò jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Bí "of" bá tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ náà, bí i "The newspaper was uncritical of the minister", ohun tí à ń sọ ni pé ìwé ìròyìn náà kò rí àléébù kankan sọ nípa mínísítà. Ṣùgbọ́n "of" tó wà nínú gbólóhùn yín, "acceptance" ló wà fún, kì í ṣe "uncritical".

Ti "unexamined" ni ó yẹ kí ẹ dúró lé lórí dáadáa. "Unexamined" ń sọ nípa ohun tí a kò yẹ̀ wò. "Uncritical" ń sọ nípa ẹni tí kò yẹ̀ ẹ́ wò, tàbí nípa ìṣe rẹ̀. "An unexamined belief" ni ìgbàgbọ́ tí ẹnikẹ́ni kò tíì tú wò; "an uncritical believer" ni ẹni tó di ìgbàgbọ́ náà mú láìbi í léèrè. Nígbà tí Socrates, ọlọ́gbọ́n Gíríìkì àtijọ́, ń jẹ́jọ́ níwájú àwọn ará Athens ní ọdún 399 ṣáájú ìbí Jésù, tó sì sọ pé ìgbé ayé tí a kò yẹ̀ wò kò yẹ ọmọ ènìyàn, ìgbé ayé gan-an ni ohun tó fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò, ìdí nìyí tí àwọn tó túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì fi mú "unexamined". "Uncritical" kò lè dúró níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Gwagwalada

Ẹ kú àlàyé, ẹ̀gbọ́n. Mo fẹ́ fi ti iṣẹ́ wa kún un, torí ọ̀rọ̀ "critical" kì í kúrò lẹ́nu wa. Aláìsàn tó bá ti bọ́ lọ́wọ́ ewu, "stable" là ń pè é. N kò gbọ́ ọ rí kí ẹnikẹ́ni pè é ní "uncritical", bí ẹnì kan bá sì kọ bẹ́ẹ̀ sínú fáìlì, ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní mọ ohun tó ń wí. Ní ti irinṣẹ́, ọ̀nà tí Earle Spaulding ará Amẹ́ríkà fi pín wọn ni wọ́n fi kọ́ wa. Irinṣẹ́ tó ń wọ inú ẹran ara tàbí inú iṣan ẹ̀jẹ̀, irú bí ọ̀bẹ iṣẹ́ abẹ, jẹ́ "critical", a kò sì gbọdọ̀ fi kòkòrò àìfojúrí kankan sílẹ̀ lára rẹ̀. Èyí tó ń kan awọ inú ẹnu tàbí inú ọ̀fun jẹ́ "semi-critical". Èyí tó jẹ́ pé awọ ara tí kò bó nìkan ló ń kàn, irú bí aṣọ tí a ń wé mọ́ apá láti fi wo ẹ̀jẹ̀ ríru, jẹ́ "noncritical". Àǹtí Olùkọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ rí i pé "non-" ni wọ́n lò níbẹ̀. Ẹ̀ka "ohun tó ṣe kókó" ló ń gba "non-", ẹ̀ka ìdájọ́ ló ń gba "un-".

Síbẹ̀ a nílò "uncritical" ní wọ́ọ̀dù lọ́nà mìíràn. Ẹ jẹ́ ká ní akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì kan gba iṣẹ́ láàárọ̀. Ó ṣí fáìlì, ó rí i pé láti aago mẹ́wàá alẹ́ títí di aago mẹ́fà òwúrọ̀, ìwọ̀n ìlù ọkàn kan náà, 72, ni wọ́n ń kọ léraléra, ìwọ̀n ìgbóná ara kò sì yí padà rárá, bẹ́ẹ̀ aláìsàn tó wà níwájú rẹ̀ ń làágùn, ó ń mí gúlegúle. Bí ó bá da 72 yẹn kọ sí ìlà tirẹ̀ láìgbé ìka lé ọrùn ọwọ́ aláìsàn, láìwo ojú rẹ̀ pàápàá, a lè sọ pé ó gba àkọsílẹ̀ òru náà "uncritically". Ẹ kíyè sí i pé nọ́ńbà náà lè tọ̀nà o. Bí ó bá tilẹ̀ tọ̀nà, ọ̀rọ̀ náà ṣì bá akẹ́kọ̀ọ́ yẹn mu, nítorí pé kò yẹ̀ ẹ́ wò.

Ará Jos

Ibi tí Àǹtí Nọ́ọ̀sì dúró sí ni mo fẹ́ mú. Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 2014 ni ọkọ̀ òfurufú gbé àrùn Ebola wọ Èkó. Kí oṣù Kẹjọ tó lọ jìnnà, iṣẹ́ kan ti ń gba orí fóònù kiri gbogbo Nàìjíríà, pé kí oníkálùkù fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí ó sì mu nínú rẹ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwa tí a wà ní Jos mọ̀ bí ẹbí ṣe ń fi fóònù jí ẹbí lóru kí wọ́n má bàa pẹ́. Nínú oṣù yẹn kan náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó kéré tán ènìyàn 2 ti kú ní Nàìjíríà lẹ́yìn tí wọ́n mu omi iyọ̀ náà. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìlera, tí wọ́n ń wá ẹni tó fara kan aláìsàn láti ilé dé ilé, ni wọ́n lé Ebola lọ, tí wọ́n fi kéde ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá pé orílẹ̀-èdè wa ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo mú un wá nítorí pé mo fẹ́ kí a ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀. Iṣẹ́ orí fóònù náà jẹ́ "unverified": kò sí ẹni tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Àwọn tó fi ránṣẹ́ ni wọ́n jẹ́ "uncritical": ó dé ọwọ́ wọn, wọn kò béèrè pé dókítà wo ló sọ ọ́, ilé ìwòsàn wo ni, báwo ni iyọ̀ ṣe ń pa kòkòrò tó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó rí iṣẹ́ kan náà tó sì pa á mọ́ títí ó fi wádìí, iṣẹ́ "unverified" ló gbà, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kì í ṣe "uncritical".

Ọ̀rọ̀ náà kò sì sọ pé ènìyàn gọ̀ tàbí pé inú rẹ̀ kò dára. Ìfẹ́ ló mú kí ọ̀pọ̀ wọn tẹ bọ́tìnnì. Àwọn tó kàwé dé yunifásítì wà nínú wọn. Bí ẹ bá fẹ́ sọ pé ó jẹ́ ìwà ẹnì kan láti máa gba ohunkóhun gbọ́, "credulous" tàbí "gullible" ni kí ẹ lò. "Uncritical" lè jẹ́ ti ìgbà kan ṣoṣo, ó sì lè bá ọ̀jọ̀gbọ́n pàápàá.

Ọmọ Okun, Lokoja

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹ̀sùn ni ọ̀rọ̀ yìí nígbà gbogbo? Mo ti rí i kà pé ìyá ní "uncritical love" fún ọmọ rẹ̀. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ kò fẹ́ ẹni tí yóò máa yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò, ẹni tí yóò kàn gbọ́ ọ ló ń wá. Ó dà bíi pé níbẹ̀, ìyìn ni.

Bàbá Ìlọrin

Ọmọ Okun, ìbéèrè rẹ dára, má jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Àwọn kan ń lò ó láìbínú, bí o ti wí. Ṣùgbọ́n wo ohun tó máa ń tẹ̀ lé e. Òǹkọ̀wé tó bá sọ pé ìyá kan ní "uncritical love" fún ọmọ rẹ̀ sábà máa ń fẹ́ kí a mọ̀ pé ojú ìyá náà kò tó ibì kan, pé ọmọ náà ń ṣe ohun kan tí ìyá kò rí. Fún ẹni tó jókòó ti ọlọ́fọ̀, tó gbọ́ ọ láìdá a lẹ́jọ́, Gẹ̀ẹ́sì òde òní ní "non-judgmental", ọ̀rọ̀ yẹn kò sì ní àbùkù nínú. Bí mo bá jẹ́ olùkọ́, ohun tí ǹ bá sọ fún ọmọ ni pé kí ó ka "uncritical" sí ẹ̀sùn, àfi tí gbólóhùn bá fi òmíràn hàn.

Ẹ béèrè bí a ṣe ń sọ ọ́ ní Yorùbá. Iṣẹ́ ìtumọ̀ ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìntì, n kò sì gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti wá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún un. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni Yorùbá fi ń gbé irú èrò yìí. "Wọ́n gba iye owó náà láìyẹ̀ ẹ́ wò" ti tó fún gbólóhùn Olùkọ́. "Òǹkàwé tí kì í bi ọ̀rọ̀ léèrè" ni "an uncritical reader". Fún "unexamined", "ohun tí a kò tíì yẹ̀ wò" ni. Ẹ ò rí i pé ìyàtọ̀ tí Akọ̀wé ṣàlàyé ti wà nínú èdè wa: ti àkọ́kọ́ rọ̀ mọ́ ẹni tó gba nǹkan, ti èkejì rọ̀ mọ́ nǹkan tí a gbà.

Àwọn àgbà sì ti fi òwe kan sílẹ̀ tó bá a mu rẹ́gí, "agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà". Ẹni tó wá rojọ́ lè jẹ́ olóòótọ́. Ẹjọ́ tó rò lè má ní irọ́ kan nínú. Síbẹ̀ àgbà tó fetí sí i, tí kò ránṣẹ́ pe ẹnìkejì, tó sì dájọ́ lórí ohun tó kọ́kọ́ gbọ́, òun ni òwe náà mú. Ẹ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ yín ní Kubwa, wọn yóò mọ ẹni tí "uncritical" ń bá wí.

Ó ku ọ̀rọ̀ méjì tí wọ́n máa ń kó pọ̀ mọ́ ọn. "Cursory" ni kí ènìyàn wo nǹkan ní oréfèé. Inú ọ̀rọ̀ Látìnì fún ẹni tó ń sáré ni ó ti wá, ojú tó ń sáré kọjá ni. "Perfunctory" ni kí ènìyàn ṣe ohun kan kí a ṣáà lè sọ pé ó ṣe é. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Àbújá ti rí i nígbà tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà bá ń ṣe àyẹ̀wò àwọn tí Ààrẹ fẹ́ fi ṣe mínísítà, gẹ́gẹ́ bí abala 147 ìwé òfin ọdún 1999 ṣe ní kí wọ́n ṣe: bí ẹni náà bá ti jẹ́ aṣòfin rí, wọ́n sábà máa ń ní kí ó tẹríba kí ó máa lọ. Àyẹ̀wò tó lọ báyìí ni "perfunctory", torí ètò náà wáyé, ṣùgbọ́n kò sí ìbéèrè nínú rẹ̀. Ìfọwọ́sí tó tẹ̀ lé e ni a lè pè ní "uncritical". Ó sì dùn mí, nítorí pé ẹni tó ti ṣe aṣòfin rí gan-an ló yẹ kí a bi léèrè ohun tó fi ipò rẹ̀ àtijọ́ ṣe.

Olùkọ́ Kubwa

Bàbá wa, ẹ ṣeun, kí ẹ̀mí yín gùn. Mo ti lo òwe náà, ojú gbogbo wọn sì là. Mo ní kí wọ́n kọ gbólóhùn tiwọn, mẹ́rin nínú rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò. Àkọ́kọ́ ni "He read the report uncritically and signed it." Èkejì ni "The documents were uncritical, so the auditor sent for them." Ẹ̀kẹta ni "Water is uncritical to cement." Ẹ̀kẹrin, tí mi ò tíì máàkì, ni "She wrote an uncritical book about her uncle."

Akọ̀wé Ìgbìmọ̀

Àkọ́kọ́ péye. Èkejì kò dára, "unexamined" ni ó yẹ kó wà níbẹ̀, torí ọmọ náà ń sọ pé kò sẹ́ni tó tíì yẹ ìwé náà wò. Àpẹẹrẹ ayẹ̀wé-owó-wò náà dára púpọ̀, ẹ má jẹ́ kó sọ ọ́ nù. Abala 85 nínú ìwé òfin wa ní kí Olùyẹ̀wé-owó-wò Àgbà ti Ìjọba Àpapọ̀ gbé ìròyìn rẹ̀ lọ síwájú Ilé Aṣòfin méjèèjì láàrin 90 ọjọ́ tí ìwé ìṣirò owó bá ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, kí ìgbìmọ̀ tó wà fún un ní ilé kọ̀ọ̀kan sì gbé ìròyìn náà yẹ̀ wò. Bí ìgbìmọ̀ bá gbé e sórí àtẹ láìṣí i, ìròyìn náà jẹ́ "unexamined". Bí wọ́n bá ṣí i, tí wọ́n ka àpapọ̀ owó tó wà nísàlẹ̀ ojú ìwé, tí wọn kò sì rí i pé orúkọ méjì ni wọ́n fi san owó àtúnṣe jẹnẹrétọ̀ kan ṣoṣo, kíkà wọn ló jẹ́ "uncritical".

Ẹ̀kẹta kò tọ̀nà rárá; "not critical" tàbí "not essential" ni ọmọ náà ní lọ́kàn, bẹ́ẹ̀ sì ni omi ṣe kókó fún sìmẹ́ńtì.

Ẹ máàkì ẹ̀kẹrin fún un. Ìwé, ìròyìn àti àpilẹ̀kọ lè jẹ́ "uncritical" fúnra wọn, nítorí pé èrò ẹni tó kọ wọ́n wà nínú wọn. Ìwé tó sọ ìtàn ẹbí ẹni, tó sì jẹ́ ìyìn láti ojú ewé kìíní dé òpin láìwọn ohun tí ẹni náà ṣe dáadáa mọ́ ohun tó kù díẹ̀ káàtó, irú rẹ̀ ni à ń pè bẹ́ẹ̀. Àwọn ìwé ìṣirò owó inú gbólóhùn kejì kò gbé èrò ẹnikẹ́ni lọ́nà yẹn.

Fún ìdánwò, bí wọ́n bá ní kí wọ́n mú èyí tó sún mọ́ ọn jù, "unquestioning" ni kí wọ́n kọ́kọ́ wá. Bí ó bá jẹ́ òdìkejì, "discerning" tàbí "critical" ni. Wọ́n lè fi "hypercritical" dẹ wọ́n, ẹni tó ń wá àléébù kọjá àlà nìyẹn, kì í sì í ṣe ẹni tó ń yẹ nǹkan wò. Ní ti apá tí wọ́n ti ń béèrè ibi tí ohùn ti wúwo, sílébù kejì ni, "crit", bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí nínú "uncritically", tí a ń fi "l" méjì kọ.